Ẹ bi Àǹtí kíláàsì léèrè kí ẹ tó sọ pé ilé-ìwé náà dára

Ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, bí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí ní Ẹ̀pẹ́ a máa lọ láti ilé-ìwé kan sí òmíràn, láti Pópó Ọba dé Òkè Balógun, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò fi ọmọ ọdún méjì àbọ̀ tàbí mẹ́ta sí. Wọ́n á bèèrè iye owó ilé-ìwé, wọ́n á bèèrè bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, wọ́n á wo ọ̀dà ara ògiri àti jangirọ́fà tó wà nínú ọgbà, wọ́n á sì fẹ́ mọ ìgbà tí ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí òbí kan yíjú sí olùkọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, kí ó bi í pé báwo ni iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe rí lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni yóò wà pẹ̀lú ọmọ náà láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ohun tí ojú rẹ̀ sì ń rí nínú ọgbà yẹn kì í sí nínú ìwé ìpolówó kankan.

Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni èmi náà. Nọ́fọ́rìjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀pẹ́ níbí, ni mo ti kọ́ iṣẹ́, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì ń jẹ́ Michael Otedola College of Primary Education, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó pa á pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti Ìjánikin ní 2022, tí àwọn méjèèjì fi di Lagos State University of Education, yunifásítì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní LASUED. Ìlú tó ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò yẹ kó wá olùkọ́ tó mọṣẹ́ títí kó má rí, a kò sì wá a tì. Ohun tó ṣòro ni kí olùkọ́ náà dúró. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn tó wà ní ilé-ìwé ìjọba àti àwọn tó wà ní ti àdáni, ní ìbéèrè kan náà: kí ni ẹ fi ń mọ̀ pé ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan dára? Èsì wọn ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níbí, mo sì fẹ́ sọ tèmi mọ́ ọn, nítorí ó dá mi lójú pé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí olùkọ́ níbi iṣẹ́ jẹ́ ara bí ilé-ìwé ṣe dára tó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ tí ẹni tó ni ilé-ìwé lè sọ pé òun yóò yanjú nígbà tí owó bá wọlé.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ìwé, kì í sì í ṣe ohun ìṣeré. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ẹnì kejì nínú kíláàsì. Ìwé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, fi í lélẹ̀ pé ọmọ ọwọ́ 10 ni kí olùtọ́jú kan máa bójú tó, àti pé ọmọ 25 ni kí olùkọ́ kan ní ní kíláàsì àwọn tó ń múra àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, 25 pàápàá pọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo bí àwọn ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, mo sì mọ kíláàsì tí iye wọn ti kọjá ọgbọ̀n tí kò sí olùrànlọ́wọ́ kankan níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì dúró nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ lè rò pé ariwo nìkan ni ìṣòro náà. Ẹ wo òwúrọ̀ kan péré. Àwọn ìyá tó ń tajà ní ọjà ẹja Olúwo kì í lè dúró di aago mẹ́jọ, nítorí náà àwọn ọmọ tiwọn ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, òmíràn nínú wọn kò tíì jẹun, òmíràn sì ń sunkún tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ títí dé ẹnu géètì. Bí Àǹtí bá ti kó wọn jókòó tán, ọ̀kan nínú wọn yóò yàgbẹ́ sára. Ilé ìyàgbẹ́ wà lẹ́yìn ilé, omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́nu ọ̀nà, ṣòkòtò mìíràn wà nínú báàgì ọmọ náà bí ìyá rẹ̀ bá rántí fi síbẹ̀. Àǹtí yóò di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, yóò sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi pé bí òun bá ti ń fọ ìdí ọmọ lẹ́yìn ilé, òun a máa pe orúkọ àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa dá òun lóhùn láti inú kíláàsì, kí òun lè mọ̀ pé kò sí ẹni tó jáde. Ó ń fọ ọmọ, ó ń pe orúkọ, etí rẹ̀ wà níbòmíràn, ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tirẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ohun tí a ń wá ti ń sọnù. Nígbà tí olùkọ́ bá ń fọ ọmọ tàbí tó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju èyí tó wà lára pátákó lọ. Yóò sọ fún un pé kó na ọwọ́ ọ̀tún, kó na ti òsì, yóò bi í pé ta ló ra ṣòkòtò yìí fún ọ, ọmọ yóò dáhùn, òun náà yóò fi gbólóhùn tó gùn díẹ̀ dá a padà. Ọmọ tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ báyìí lójoojúmọ́ ń kọ́ èdè, ó sì ń kọ́ pé ènìyàn tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ni òun. Olùkọ́ mọ èyí, wọ́n kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò lè fún un ní ọwọ́ kẹta.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó dé. Àwọn kan kò fẹ́ kí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi máa mẹ́nu kan owó, wọ́n á ní iṣẹ́ ìfẹ́ ni, èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́run. Ìwádìí kò gbà pẹ̀lú wọn. Ní Amẹ́ríkà, Marcy Whitebook, Carollee Howes àti Deborah Phillips gbé àbájáde iṣẹ́ ńlá kan síta ní 1989, lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ilé ìtọ́jú ọmọ 227 ní agbègbè ìlú ńlá márùn-ún, èyíinì ni Atlanta, Boston, Detroit, Phoenix àti Seattle. Nínú gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ibi iṣẹ́ olùkọ́, owó oṣù ni wọ́n rí pé ó ṣe pàtàkì jùlọ sí bí ìtọ́jú tí àwọn ọmọ ń rí gbà ṣe dára tó. Olùkọ́ 41 nínú 100 ló ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún kan, níbi tí olùkọ́ bá sì ti ń lọ tí òmíràn ń dé léraléra, ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọ ibẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣe pọ̀ a máa rẹ̀yìn.

Tiwa ńkọ́? Ní 2024 ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jùlọ di 70,000 náírà, ní oṣù kẹwàá ọdún náà sì ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé 85,000 náírà ni òun yóò máa san fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù tó kéré jùlọ ti 2019 yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àdáni tó wà láàárín àdúgbò kò sì ní òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bí a bá tilẹ̀ ka ọlọ́dẹ àti ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ́ wọn. Nítorí náà, ohun tí olùkọ́ ń gbà wà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́ nìkan. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń dá owó oṣù àkọ́kọ́ dúró títí di ọjọ́ tí ènìyàn yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀, tí wọn kì í sanwó oṣù kẹjọ nítorí pé àwọn ọmọ wà ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, síbẹ̀ tí wọ́n ń retí pé kí a fi ìsinmi náà kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò láti wá ọmọ tuntun fún ilé-ìwé. Bí òjò bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Ìtòókín, tí olùkọ́ pẹ́ dé, wọ́n á gé owó rẹ̀. Ilé-ìwé yìí kọ́ ni mo fẹ́ bá wí, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà ní ibi mẹ́ta mẹ́rin mìíràn sọ ohun kan náà fún mi láìjẹ́ pé mo bi wọ́n.

Mo gbà pé owó tó ń wọlé fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ilé-ìwé náà kò pọ̀, àti pé òbí mìíràn a máa jẹ gbèsè sáà méjì. Ẹni tó ń tajà lójoojúmọ́ kò lè san owó ilé-ìwé ńlá. Síbẹ̀, bí olùkọ́ bá lọ láàárín sáà, ọmọ ló ń san án. Àǹtí kan tí a jọ ṣiṣẹ́ fi kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ ní sáà kejì nítorí pé owó ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ẹlòmíràn wá, ọmọbìnrin kan níbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, kò gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi wá mú un lọ, ó fi jẹun, ó fi sùn, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ọmọ yẹn ti ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ tọ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹni tó mọ̀ lọ, ó padà sí títọ̀ sára.

Yàtọ̀ sí owó, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ púpọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ: wọ́n fẹ́ kí ẹnu àwọn ká nínú ìpinnu. Paula Jorde Bloom, tó fìgbà kan jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní National Louis University ní Chicago, ti pín bí ibi iṣẹ́ ṣe ń rí lára olùkọ́ àwọn ọmọdé sí ọ̀nà mẹ́wàá, lára wọn ni àjọṣe àárín àwọn òṣìṣẹ́, àtìlẹ́yìn ọ̀gá, àǹfààní láti kọ́ ẹ̀kọ́ sí i, owó àti àjẹmọ́nú, ipò tí ilé àti ohun èlò wà, àti ipa tí olùkọ́ ń kó nínú ìpinnu. Nígbà tí mo ka àwọn ọ̀nà yìí fún àwọn kan nínú wa, èyí tí mo kà kẹ́yìn ni wọ́n dúró lé. Ẹnì kan ṣàlàyé pé òun tẹ́ ẹní sí igun kíláàsì òun, òun kó ìwé àwòrán síbẹ̀, àwọn ọmọ sì ti fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, àfi bí òun ṣe dé ní ọjọ́ Ajé kan tí òun bá àga àlejò tí wọ́n tò síbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi òun, kò sì sí ẹni tó sọ fún òun. Kì í ṣe ẹní ló dùn ún. Láti ọjọ́ náà ni kò ti tún fi ohun tuntun kankan kún kíláàsì rẹ̀, ó ń ṣe ohun tó wà nínú ìwé ìmúra ẹ̀kọ́ nìkan, ó sì ń lọ sílé.

Bí ọ̀gá ṣe ń sọ̀rọ̀ sí olùkọ́ níwájú ọmọ tún jẹ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fiyè sí. Nígbà tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin kan ń ṣe eré tíṣà níwájú mi, èyí tó sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá nínú wọn na ìka sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, “Màá gé owó yín o!” Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà kíláàsì rẹ̀ ni, ó sì ti mọ̀ pé báyìí ni ẹni ńlá ṣe ń bá ẹni kékeré sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí tó máa ń wọ kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké lójoojúmọ́ nígbà tí oòrùn bá kàn tàrí. Yóò ní, “Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ lọ jẹun, màá dúró tì wọ́n.” Àǹtí yóò ní, “Ẹ ṣé mà,” yóò sì lọ jókòó síbi tí kò ti sí ọmọ tó ń fa aṣọ rẹ̀. Kò náwó kankan. Nígbà tí ọ̀gá náà bá wà níbẹ̀, òun náà ń rí ohun tí olùkọ́ ń rí: ó rí i pé fèrèsé kan kò ṣe é ṣí, ó rí i pé àwọn ọmọ méjì kan kì í sùn, ó mọ èyí tí kò gbọ́ràn dáadáa ní etí kan. Ní ọjọ́ Jimọ̀, bí wọ́n bá ti jáde tán, gbogbo olùkọ́ a máa jókòó, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí láàárín ọ̀sẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì fẹnu kò sí ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Owó oṣù ibẹ̀ kò ju ti ibòmíràn lọ púpọ̀, síbẹ̀ àwọn olùkọ́ rẹ̀ kì í tètè lọ.

Àwọn tó ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wo irú ilé-ìwé wọ̀nyí mọ̀ nípa èyí nígbà kan. Thelma Harms àti Richard Clifford, ní University of North Carolina, gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní ECERS jáde ní 1980, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti lò láti ìgbà náà. Olùṣàyẹ̀wò yóò jókòó sínú kíláàsì fún wákàtí bíi mẹ́ta, yóò sì fún ohun kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1, tó jẹ́ pé kò dára tó, títí dé 7, tó jẹ́ pé ó dára gan-an. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe ní 1998, lára ohun 43 tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni bóyá olùkọ́ ní ibi tí ó lè sinmi, bóyá ó ní ibi tí ó lè kó ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ sí, bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ń bá ara wọn ṣe pọ̀, àti bóyá àǹfààní wà láti tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde ní 2015, wọ́n yọ ìpín tó jẹ mọ́ òbí àti olùkọ́ kúrò, kí wọ́n lè gbájú mọ́ ohun tí ojú rí nínú kíláàsì. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní yọ ọ́. Ohun tí ojú rí nínú kíláàsì ní ibi tí ó ti ń wá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ, tó jẹ́ pé òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín olùkọ́ àti òbí. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè sọ ọ́ ní kedere pé eré, orin, iṣẹ́ ọnà àti wíwo ohun tó yí ọmọ ká ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ọjọ́ orí yìí. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò kó ọmọ ayò sílẹ̀, yóò ní kí wọ́n kà á ní méjì méjì sínú ike, tàbí kí ó jẹ́ kí wọ́n ṣe eré ọjà, kí ẹnì kan máa ta ẹja, kí ẹnì kan máa ná an, èyí tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ju ABD lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá bá dé ní ọ̀sán, yóò ṣí ìwé ọmọ, yóò ní, “Àǹtí, kò sí nǹkan kan nínú ìwé ọmọ mi o. Kí ni ẹ ń ṣe láti àárọ̀?” Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn yìí wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá jẹ́ ẹni tó ń dúró ti olùkọ́, yóò ní, “Ẹ má bínú, Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí ó ka ẹja fún yín kí ẹ gbọ́.” Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ kejì ni olùkọ́ yóò ti máa di ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta mú lórí ìwé, yóò máa kánjú, inú yóò sì máa bí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, fídíò kan láti Ìkòròdú tàn kálẹ̀, nínú èyí tí olùkọ́ kan ti ń gbá ọmọ ọdún mẹ́ta létí léraléra lórí iṣẹ́ nọ́ńbà. Kò sí àwíjàre kankan fún ohun tí ó ṣe, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2007, ó sì tọ́ kí òfin mú un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bèèrè irú ènìyàn tí olùkọ́ náà jẹ́. Ìbéèrè tèmi ni pé ta ló sọ pé kí ọmọ ọdún mẹ́ta wà lórí iṣẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n lè torí rẹ̀ gbá a létí, àti pé nínú ilé-ìwé wo ní ìpínlẹ̀ wa ni olùkọ́ tí agara ti dá ti lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dúró níbí díẹ̀,” kí ọ̀gá má sì kà á sí ọ̀lẹ.

Bí àwọn aṣèbẹ̀wò ìjọba bá wá sí ilé-ìwé, mo fẹ́ kí wọ́n bá olùkọ́ nìkan jókòó fún ìgbà díẹ̀, láìsí ẹni tó gbà á síṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí ó bá sọ sínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ iye fèrèsé àti iye ilé ìyàgbẹ́. Ẹ̀yin òbí ní tiyín kò nílò àṣẹ ìjọba kankan. Bí ẹ bá lọ gba fọ́ọ̀mù, ẹ bèèrè pé ó tó ọdún mélòó tí Àǹtí kíláàsì yìí ti wà níbí, àti pé ta ló wà níbẹ̀ kí ó tó dé. Ẹ bèèrè ẹni tó máa ń dúró ti àwọn ọmọ bí ó bá gbé ọ̀kan lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń sanwó oṣù kẹjọ. Mo bá àbúrò mi lọ bèèrè irú ìbéèrè yìí nígbà tí ó ń wá ilé-ìwé fún ọmọ rẹ̀: níbì kan, wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ilé-ìwé ná, níbòmíràn, ọ̀gá náà fi wá sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àǹtí, ó ní kí a bi Àǹtí fúnra rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ náà wà báyìí.